Ẹ̀fọ́ Lójú Ọ̀gá Àgbà

Wọ́n yọ Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn àwọn alátọ̀gbẹ kúrò nípò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nítorí àwo ìjẹun. Kò jalè. Kò lu ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwo funfun kan tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí ló gbé e kúrò lórí àga tó ti wà láti ìgbà tí púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì abẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ sílé ìwé.

Kí òǹkàwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀, ó yẹ kó mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ọ̀gá Àgbà yìí kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìmọ̀ ìṣàkóso ló kà, ó sì gbà pé ẹni tó bá lè ṣàkóso èèyàn lè ṣàkóso àìsàn, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, àìsàn pàápàá mọ ẹni tó lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga. Àga rẹ̀ ló ga. Ó ti ní kí káfíńtà fi igi kún ẹsẹ̀ àga náà títí bàtà rẹ̀ kò fi kanlẹ̀ mọ́ tó bá jókòó, ó sì wá ní kí wọ́n gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ tábìlì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa fì dirodiro bíi ti ọmọdé tó jókòó síwájú onígbàjámọ̀. Ní ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí i láti òkè dé ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ibẹ̀ ni ààyè ti tán. Orúkọ rẹ̀ kò ríbi wọ̀.

Láàárọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ bá wọ ọgbà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á fọn fèrè. Ẹni tó bá jókòó á dìde. Aláìsàn tí wọ́n bá ti gún níka, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo ṣúgà, á na ìka náà sókè kí ẹ̀jẹ̀ má baà kán sílẹ̀ níbi tí Ọ̀gá fẹ́ gbà kọjá. Àlejò tó bá yọjú lójú fèrèsé lásìkò náà á rò pé gbogbo ilé ló ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè gan-an ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò láṣẹ láti bi níbẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń gbé báàgì tẹ̀ lé e, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀nisà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé, lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá kò fẹ́ràn òun mọ́ ni, ohun tó fi dá a lóhùn nìyẹn, ó sì sun orí àga fún ọ̀sẹ̀ kan.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tí gbogbo ayé ń pè ní Nọ́ọ̀sì Àgbà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó kàn ń gún abẹ́rẹ́. Ó ti padà sílé ẹ̀kọ́ débi tó fi láṣẹ láti yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, kó mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un láìdúró de dókítà. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀ ló ru ilé ìwòsàn náà sórí. Lọ́jọ́ kan, ó kan ilẹ̀kùn olóyè púpọ̀ náà, ó wọlé.

"Ọ̀gá, àwọn èèyàn wa ń lo oògùn, ṣùgbọ́n ṣúgà wọn ò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo wá gbàyè ni, kí àwa nọ́ọ̀sì máa jókòó tì wọ́n díẹ̀, ká máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé."

"Kí lẹ fẹ́ bi wọ́n gan-an?"

"Ta ló ń dáná. Ṣé inú àwo kan náà ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Tí wọ́n bá ń gbààwẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń lo oògùn. Sà, ìwé tí a ń fún wọn ní kí wọ́n máa jẹ èso kan tí èmi fúnra mi ò fojú rí rí. Ìyàwó ilé kan sọ fún mi lánàá pé òun ò lè bu oúnjẹ tòun sọ́tọ̀, pé ìyá ọkọ òun á ní òun ti ń ya ara òun kúrò nínú ẹbí. Oògùn wo ni kí n kọ fún ìyẹn?"

Ọ̀gá Àgbà tún ẹsẹ̀ tò lórí àpótí. "Ta ló ń ṣàìsàn, àwa àbí àwọn?"

"Àwọn ni, sà."

"Ta ló mọ̀wé, àwa àbí àwọn?"

"Tó bá jẹ́ ti oògùn, àwa la mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ti ìkòkò ọbẹ̀ wọn, àwọn ló mọ̀ ọ́n."

"Ìkòkò ọbẹ̀." Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "O gbọ́? Ìjọba kọ́ ilé alájà mẹ́ta, wọ́n gbé odidi èmi sínú rẹ̀, ká lè wá máa tú ìkòkò ọbẹ̀ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ojú ń tì mí, sà."

Nọ́ọ̀sì Àgbà ò jà. Ó yọ àwo kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ti fi yíǹkì pín in sí mẹ́ta. "Tí ìbéèrè bá ṣòro, ẹ jẹ́ ká fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àwo, ẹ̀fọ́. Ìdajì tó kù, ẹ pín in sí méjì: ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá ń jẹ nílé wọn lápá kan, ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹran lápá kejì. A ò ní kí wọ́n má jẹ oúnjẹ bàbá wọn. Àwo ló máa bá wa wọ̀n ọ́n."

Ọ̀gá Àgbà gbé àwo náà, ó yí i po, ó wo ìdí rẹ̀.

"Àwo ológbò nìyí."

"Sà?"

"Mo ní àwo ológbò nìyí. Kí aláìsàn gbé èyí délé, kí aládùúgbò bi í pé níbo lo ti rí i, kó wá ní ọ̀dọ̀ mi?"

Àṣìṣe tí Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣe nìyí: ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Àgbà pe Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Àwo. Wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi dé tó sì tutù. Bí àwo yóò ṣe tóbi tó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀gá ní àwo ìjọba kò gbọdọ̀ kéré ju ìjọba lọ. Ó na apá méjèèjì. "Ó kéré tán, báyìí." Bẹ́ẹ̀nisà sáré lọ mú okùn wá, ó wọn ọ̀gá rẹ̀ láti ọwọ́ kan dé èkejì. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Àgbà ní àwo tó fẹ̀ tó yẹn kò ní gba ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n gé e kù díẹ̀, ó wá fẹ̀ tó páànù tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ojú.

"Àwo tí kò lójú kò níyì," Bẹ́ẹ̀nisà wí. "Bí aláìsàn bá ń jẹun tó rí ojú Ọ̀gá nísàlẹ̀ àwo, ẹ̀rù á ba ṣúgà."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

"Apá ibo ni kí ojú náà wà?" Ọ̀gá béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

"Apá tó bá tóbi jù, sà. Ibòmíràn ò ní gbà yín."

Nọ́ọ̀sì Àgbà na ọwọ́ sókè. "Apá tó tóbi jù, apá ẹ̀fọ́ ni. Ẹ̀fọ́ máa bò yín lójú, sà."

"Ẹ̀fọ́ tó bá mọ irú ẹni tí mo jẹ́," Ọ̀gá Àgbà dá a lóhùn, "kò ní bò mí."

Òǹkàwé, kò sẹ́ni tó fi iyọ̀ sí gbólóhùn yẹn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀, lábẹ́ ti ṣúgà tí ẹ̀rù máa bà.

Ìyókù ìpàdé náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe. Aṣírò-owó ní tí ojú náà bá ń rẹ́rìn-ín, aláìsàn á rò pé wọ́n ní kóun bù sí i. Olórí àwọn apoògùn ní tó bá sì fajú ro, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n wá pinnu pé kí ẹnu rẹ́rìn-ín, kí ojú le. Ayàwòrán ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ohun tó jáde jọ ọkùnrin tí eyín ń dùn níbi ìgbéyàwó àna rẹ̀. Ní ti ìbéèrè tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ máa bi, Ọ̀gá fagi lé e. Dípò rẹ̀, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ yàrá tí aláìsàn ti ń dúró, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí wọ́n á fi tì í.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba àwo ni ìyá tó bí Ọ̀gá Àgbà. Ìyá àgbàlagbà náà ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí ọjọ́ pẹ́, ilé ọmọ rẹ̀ ló sì ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Nínú gbogbo ìlú náà, òun nìkan ni kì í dìde tí ọmọ náà bá wọlé.

"Màmá, inú èyí ni kẹ́ ẹ ti máa jẹun."

Ìyá náà gbé àwo jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí ló ń dùn ọ́, baba mi?"

"Kò sí ohun tó ń dùn mí. Ayàwòrán ìjọba ló yà á."

"Ó ga o," ìyá náà wí. Ó fi etí ìró nu ojú inú àwo náà, ó sì gbé e sórí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́.

Ṣáájú ìgbà náà, ìyá àti ọmọ jọ máa ń jẹun ìrọ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ètò àwo ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọlá pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ọ́fíìsì ló ti ń jẹun. Ìyá ń dá jẹun nílé, òun pẹ̀lú ojú inú àwo.

Láàárín àsìkò yìí, bíríkìlà kan gbé àwo tirẹ̀ wá sílé ìwòsàn pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán nínú rẹ̀, kí Nọ́ọ̀sì Àgbà lè bá òun wò ó bóyá òun ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ìdajì ẹ̀fọ́ ló bù sí i, ìrẹsì díẹ̀ nígun, ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi gbogbo etí àwo sílẹ̀ lófìfo. Inú Nọ́ọ̀sì Àgbà dùn. Ó ń pe àwọn aláìsàn yòókù pé kí wọ́n wá wò ó nígbà tí fèrè dún. Gbogbo èèyàn dìde. Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń mi orí sọ́tùn-ún, ó ń mi orí sósì, títí ó fi rí ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀fọ́ ti bo ojú rẹ̀ kan. Epo ń ṣàn ní ihò imú. Ẹyọ tòmátì kan jókòó sí iwájú orí rẹ̀ bí eéwo.

"Ta ló ṣe báyìí fún mi?"

"Èmi ni, sà," bíríkìlà wí. "Wọ́n ní ibẹ̀ ni àyè ẹ̀fọ́."

"O da ẹ̀fọ́ sí mi lójú."

"Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ o, sà. Omi iyọ̀ ni mo fi ṣan án."

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, òfin tuntun ti wà lára ògiri: *Ojú Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ààtàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ewé, epo, omi ọbẹ̀ tàbí ohunkóhun tó bá ń kán lé e lórí. Arúfin yóò bọ́ sẹ́yìn gbogbo èèyàn lórí ìlà.*

Nọ́ọ̀sì Àgbà kà á tán, ó lọ bá a. "Ọ̀gá, ibo ni kí wọ́n wá bu ẹ̀fọ́ sí?"

"Àwo fẹ̀. Kí wọ́n wá ibì kan."

"Ibi tó kù, ibi ìrẹsì ni."

"Ṣé ìrẹsì ti hùwà àfojúdi sí mi rí?"

"Kò hù ú rí, sà."

"Kó dúró sáyè rẹ̀ nìyẹn."

Ọmọlúàbí làwọn aláìsàn náà, wọn kì í sì í tàpá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n pa ẹ̀fọ́ tì. Ohùn Ọ̀gá nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kí àwo kún, wọ́n sì jẹ́ kó kún. Ìrẹsì yí ojú Ọ̀gá Àgbà ká bí ìkùukùu ṣe ń yí orí òkè ká. Ìdajì àwo náà nìkan tó oúnjẹ ọkọ, aya àti àlejò, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́. Ṣúgà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn nọ́ọ̀sì ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé, kí Ọ̀gá lè fojú ara rẹ̀ rí ewu. Bẹ́ẹ̀nisà gbé ìwé náà wọlé, Ọ̀gá sì wò ó, ẹnu rẹ̀ là.

"Ó ń gòkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò tilẹ̀ sinmi lọ́nà, sà."

"Ṣúgà ni o, Ọ̀gá," Nọ́ọ̀sì Àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà. "À ń wá bó ṣe máa wálẹ̀ ni."

"Nọ́ọ̀sì, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. N ò rí ẹni tí wọ́n gbé ga rí nítorí ohun tó wálẹ̀." Ó ní kí wọ́n ya ìlà náà sórí aṣọ ńlá, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa yà á, kí wọ́n sì kọ̀wé pe Mínísítà wá ṣí ètò àwo ní Ọjọ́bọ̀.

Nílé, jọ́ọ̀gì omi kì í kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ṣé omi yìí ò pọ̀ jù?"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, baba mi. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ sì ń ta mí bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún."

"Ẹ fara dà á di Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi han Mínísítà. Àwo ti ṣiṣẹ́ lára yín, ẹ ti sanra sí i."

Nọ́ọ̀sì Àgbà ti ń wá ìyá náà. "Ọ̀gá, Màmá ò tíì wá ṣàyẹ̀wò láti ìgbà tí àwo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n."

"Ìyá mi kì í tò sórí ìlà."

"Èmi ni n ó lọ bá wọn nílé."

"Kẹ́ ẹ lè wá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀."

"Ṣúgà tó bá ga tó pẹ́ lè mú ojú lọ, sà. Ó lè mú ẹsẹ̀ lọ. Kò mọ ìyá Ọ̀gá."

"Ó di ẹ̀yìn Ọjọ́bọ̀," Ọ̀gá Àgbà wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bí ìyá náà ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ha èkejì. Ó ku díẹ̀ kó béèrè pé, Màmá, báwo lẹ ṣe ń jẹun gan-an? Ó ti la ẹnu. Fóònù ló dún. Télọ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí ọrùn agbádá ọjọ́ Mínísítà fẹ̀ tàbí kó há. Ọ̀rọ̀ ọrùn náà gbà wọ́n lákòókò, nígbà tí wọ́n sì parí rẹ̀, ìyá ti lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n na tápólì síta, ìyẹn aṣọ ìbòrí ńlá, wọ́n to àga, wọ́n gbé aṣọ onílà pupa kọ́ sẹ́yìn pèpéle. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tí kò wọ ohunkóhun tó ń dán, ó sì jókòó kí wọ́n tó rí ẹni tó máa fi àga hàn án. Bẹ́ẹ̀nisà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti kí ọ̀gá rẹ̀ káàbọ̀.

"Ẹ kí i, ilé ìwòsàn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Abẹ́rẹ́ tí kì í dun ọmọ èèyàn. Ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í bàjẹ́ lọ́sàn-án. Ó wo ibà, ibà ń gbọ̀n. Ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru wí, ẹ̀jẹ̀ jókòó. Bí kì í bá ṣe ìwọ̀nba tí Ọ̀gá mọ̀, ó yẹ kí àìsàn ti tán láyé, ká wá máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà dìde nínú agbádá tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó na ọ̀pá sí aṣọ onílà.

"Ọlọ́lá Mínísítà, ẹ fojú ara yín rí i. Ṣáájú àwo, ó wà nílẹ̀ níbí. Lẹ́yìn àwo, ó ti dókè níbí. Tí aṣọ bá gùn jù báyìí lọ, ibi tí ì bá dé, Ọlọ́run ló mọ̀."

"Kí ló ń gòkè?" Mínísítà béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo kí ni?"

"Ṣúgà, mà."

"Ṣúgà àwọn aláìsàn?"

"Tọkùnrin, tobìnrin," Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì na àyà.

Mínísítà wo àwọn nọ́ọ̀sì. Kí ó tó sọ nǹkan kan, Ọ̀gá ti ní kí wọ́n mú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá. Wọ́n di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú gun pèpéle, wọ́n gbé àwo síwájú rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, abọ́ ẹja àti abọ́ ẹ̀fọ́. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Ó ń bu ìrẹsì yí etí àwòrán ká, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kó erùpẹ̀ yí ìdí òdòdó ká. Ó bu ẹja díẹ̀, ó yọ egungun rẹ̀, ó fi í sáàárín ẹnu àwòrán náà. Kò fọwọ́ kan ẹ̀fọ́.

Ara Nọ́ọ̀sì Àgbà ò gbà á mọ́. Ó gun pèpéle, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó sì bi í ní ìbéèrè níwájú gbogbo èèyàn.

"Màmá, ẹ̀fọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀fọ́ wà nílé, ọmọ mi. Ibi tí n ó bù ú sí ni kò sí."

"Apá ibí yìí ńkọ́, Màmá?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Ojú ọmọ mi nìyẹn. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀. Kí n wá kó ẹ̀fọ́ lé e lójú? Ẹja nìkan ni mo máa ń fi sí i lẹ́nu, torí kì í wá bá mi jẹun mọ́."

Àwọn èèyàn tó ti ń múra láti rẹ́rìn-ín gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?" Mínísítà yíjú sí àwọn aláìsàn. "Ẹ̀yin náà kì í jẹ ẹ̀fọ́?"

"Òfin ni, mà," bíríkìlà wí. "Ojú Ọ̀gá kì í ṣe ààtàn. Ó wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ fún mi lómi," ìyá náà wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà ti mú ẹ̀rọ kékeré jáde, ó ti gún un níka. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un wò.

"Ó jẹ́ mélòó?" Mínísítà béèrè.

"Kò kọ nọ́ńbà, mà. Ó ní ó ti ga kọjá ibi tí òun lè kà á dé."

Bẹ́ẹ̀nisà pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ní nǹkan ga, ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló pa á.

Orí ìyá náà wá yẹ̀, ó sinmi lé Nọ́ọ̀sì Àgbà léjìká. Ọ̀gá Àgbà ní, "Màmá," ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e dé títì. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, Nọ́ọ̀sì Àgbà di ẹsẹ̀ mú, wọ́n sáré kọjú sí yàrá ìtọ́jú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí Ọ̀gá tó ń bọ̀, ó fọn fèrè. Gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dí ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," Ọ̀gá Àgbà wí.

Wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé ìdánwò ni. Wọ́n nàró ṣánṣán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ìyá mi ni."

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ yà, ó sì fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Wọ́n gbé ìyá dórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì jókòó tì í. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Agbádá náà ti já bọ́ léjìká, ó ń wọ́ nílẹ̀, kò sì mọ̀.

Mínísítà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ka òfin ara ògiri. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ lọ jókòó ti ìyá yín. Ẹ má padà sórí àga yẹn mọ́."

Bẹ́ẹ̀nisà, tó gbé báàgì dání, dúró láàárín àwọn méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí fún Mínísítà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Nígbà tí ìyá náà lajú, tí ṣúgà rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ ní òun á fọ́ gbogbo àwo náà túútúú.

"Má fọ́ tèmi," ìyá náà wí. "Ọmọ mi ló fún mi."

"Àwo yẹn ló gbé yín dé orí bẹ́ẹ̀dì, Màmá."

"Mo ní má fọ́ ọ."

Ọmọ wo Nọ́ọ̀sì Àgbà. Nọ́ọ̀sì Àgbà fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi ìyá náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Èmi ò lè da ẹ̀fọ́ sí i lójú," ó wí. "Àmọ́ tí ẹni tó ni ojú bá fọwọ́ ara rẹ̀ dà á, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Tó bá dà á, tó sì jókòó tì mí, mo lè jẹ ẹ́ dé ìdí."

Nọ́ọ̀sì Àgbà fa ìwé oògùn jáde. Ó kọ abẹ́rẹ́, ó kọ hóró oògùn. Ó kọ ọ́ pé ìrẹsì kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù ìyá fúnra rẹ̀ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Ọmọ, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ.* Ó fà á ya, ó nà án sí Ọ̀gá Àgbà àtijọ́. Ìyẹn kà á, ó ká a, ó fi í sápò.

Káfíńtà ti gé ẹsẹ̀ àga. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbàyè láti máa béèrè, wọ́n sì ń fún aláìsàn ní àwo kékeré tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ kó ya oúnjẹ sọ́tọ̀ ti mú ìyá ọkọ náà wá, wọ́n yẹ òun náà wò, wọ́n bá ìtọ̀ ṣúgà lára rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹun bákan náà báyìí. Wọ́n ti kó àwọn àwo ńlá padà, àfi ti ìyá Ọ̀gá Àgbà àtijọ́ àti ti bíríkìlà, tó ní òun ti ń fi tòun po sìmẹ́ńtì. Bẹ́ẹ̀nisà wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣúgà ìyá náà ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà. Lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ ń da ẹ̀fọ́ sí ojú ara rẹ̀.